Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Koríko Gígé Tí A Ń Fi Sílẹ̀ Nínú Ọgbà Yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n ní Ìkẹjà, Ògùdù, Màgodo àti Gbàgádà,

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni àwọn kan nínú yín ti ń béèrè ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ wa kò fi kó koríko tí wọ́n gé sínú àpò mọ́. Màmá kan tí a ti ń bá ṣiṣẹ́ ó ti pẹ́ sọ fún mi pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbálẹ̀ tí kò kó o. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì rí i pé ẹ̀tọ́ yín ni kí n ṣàlàyé.

Èérún koríko kì í ṣe ìdọ̀tí. Omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, tí oòrùn bá sì ràn dáadáa, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni èérún náà yóò ti súnkì wọ inú ilẹ̀ tí ojú kò ní rí i mọ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni nàìtírójìn àti àwọn èròjà mìíràn, èyí tí ẹ̀yin náà ń fowó rà nínú ajílẹ̀ yúríà àti NPK. Ilẹ̀ iyanrìn ló pọ̀ ní Èkó níbí, òjò sì tètè máa ń fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Bí a bá ń kó gbogbo koríko dànù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ yín ni à ń dì fún àwọn PSP tó ń kó ìdọ̀tí kó lọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èérún yìí ni yóò di pàǹtí tó máa ń le ní ìdí koríko, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àti igi koríko tí kì í tètè jẹrà ló ń fa ìyẹn. Ewé kì í pẹ́ jẹrà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni fífi sílẹ̀ dára. A kì í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Koríko kápẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ kó dúró ní íńṣì 2, tó bá ti ga tó íńṣì 3 ló yẹ ká gé e, nígbà òjò kì í sì í pẹ́ tó fi ń ga tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi pẹ́ kí a tó dé ọgbà oníbàárà wa kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, a sì gé koríko tó ti dé orúnkún lẹ́ẹ̀kan náà, a fi í sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì lẹ́yìn ẹ̀rọ. Nígbà tí a padà lọ, mo fi ọwọ́ ká ọ̀kan nínú àwọn òkìtì náà kúrò: koríko abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń yọ̀ mọ́ ìka, ó sì ń rùn. Àṣìṣe wa ni, a sì tún ibẹ̀ gbìn láìgba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tí koríko bá ti ga jù, ẹ̀ẹ̀mejì la ń gé e, pẹ̀lú ọjọ́ bíi mélòó kan láàárín, a sì ń kó ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀rọ tí awakọ̀ wa ń jókòó lé yẹn ní abẹ tó ń yí lábẹ́ ọmọrí irin, ẹnu tó ń tu koríko jáde sì wà ní apá ọ̀tún. Nítorí náà, ní yípo méjì àkọ́kọ́, apá òsì awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ògiri, kí èérún lè máa bọ́ sí àárín pápá, kó má bàa bọ́ sórí òdòdó, mọ́tò tàbí inú gọ́tà. Níbi tí a bá fẹ́ kó wẹ́ dáadáa, a máa ń fi irin dí ẹnu yẹn, koríko á sì máa yí lábẹ́ ọmọrí títí abẹ yóò fi gé e wẹ́wẹ́. Èyí kò ṣeé ṣe tí abẹ bá kú, tàbí tí koríko àná bá ti lẹ̀ mọ́ inú ọmọrí. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n tó fi igi ha abẹ́ ẹ̀rọ.

Ti gọ́tà ni mo mú ní ọ̀kúnkúndùn jù. Koríko tútù tó bá pàdé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú gọ́tà, ó di ìdènà, àgbàrá tí kò bá sì rí ọ̀nà lọ, inú ilé ni yóò gbà. Òṣìṣẹ́ wa tó bá gbá koríko sínú gọ́tà, ẹ pè mí.

Tí ẹ bá ní kí a kó koríko náà, a ó kó o, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sun inú nylon. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò koríko tútù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé ó gbóná bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ lè tẹ́ ẹ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ewúro, kó má nípọn ju íńṣì 1 lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má sì kan igi wọn. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko, ẹ má fi sí ìdí ẹ̀fọ́ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì fi fún àgbò: ó tètè ń kan, inú ẹran lè wú, epo ẹ̀rọ sì lè kán sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a kó tirẹ̀, kó sọ fún awakọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí dídè àpò mọ́ ẹ̀rọ ń gba àkókò. Bí a kò bá sì dé ní aago méje bíi ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má bínú, ìrì la ń dúró dè kó gbẹ. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, a ó ti wà lẹ́nu géètì yín.

Tiyín nítòótọ́,
Olùdarí iṣẹ́ ìgékoríko yín