Àdùkẹ́, ṣé o ti rí ìwé ẹ̀jẹ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ?

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ọ́, o kò gbé e. Àǹtí rẹ ló wá sọ fún mi pé ẹ ti fẹ́ mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Inú mi dùn, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ? Wọ́n ní o sọ pé AA ni irú ẹ̀jẹ̀ (genotype) ọmọkùnrin náà, pé o rí i nínú ìwé tó fi wọ iléèwé gíga, níbi tí wọ́n kọ "sickling negative" sí, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò di dòjé nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé yẹn kò sọ pé AA ni.

Ara bàbá rẹ le. A ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ẹsẹ̀ àbúrò rẹ kò dùn ún mọ́, ó ti padà síléèwé. Folic acid rẹ̀ ló fẹ́ tán, bá mi rà á bọ̀.

Ìwọ náà ti fọwọ́ ra àbúrò rẹ lẹ́sẹ̀ mọ́jú rí, o mọ ohun tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Òde ara lo ti mọ̀ ọ́n. Wá wo inú sẹ́ẹ̀lì.

Inú núkílọ́ọ̀sì, kókó àárín sẹ́ẹ̀lì, ni DNA wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a jogún. Ohun tó wà nínú DNA ni a ń dà kọ sórí RNA, ẹ̀dà rẹ̀. Ráíbósóòmù, ẹ̀rọ kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, á kà á, á sì máa to amino acid, ègé tí a fi ń kọ́ protein, tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Maitokọ́ńdríà ló ń lo ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń ṣe hẹmoglóbìn, protein tó ń gbé ọ́síjìn, kún inú ara rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun, lẹ́yìn náà ló ń ti núkílọ́ọ̀sì jáde. Maitokọ́ńdríà àti ráíbósóòmù náà kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Àyè á wá gba hẹmoglóbìn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kò sì sí maitokọ́ńdríà tí yóò jẹ nínú ọ́síjìn tó rù. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe hẹmoglóbìn tuntun mọ́. Èyí tó bá bá a jáde ni yóò gbé fún nǹkan bí ọjọ́ 120 tó fi ń wà láyé.

Ìlẹ̀kẹ̀ kan péré ló yí padà lára ti àbúrò rẹ. Ẹ̀wọ̀n beta, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wọ̀n tó para pọ̀ di hẹmoglóbìn, ní amino acid 146. Ní ipò kẹfà, valine ló wà níbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Irú èyí ni à ń pè ní hẹmoglóbìn S; A ni èyí tí kò yí padà. Tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára hẹmoglóbìn S, valine yìí á lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbìn kejì, ìyẹn náà á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, títí wọn á fi di okùn líle tí yóò na awọ sẹ́ẹ̀lì bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó míkírómítà 7 sí 8, tó yẹ kó ká ara rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré sí i kọjá, á há síbẹ̀. Ìrora dé nìyẹn. Bí omi bá gbẹ lára sẹ́ẹ̀lì, hẹmoglóbìn á fún pọ̀, okùn á yára so. Ohun tí mo fi ń jágbe mọ́ ọn nítorí omi nìyẹn. Awọ tó ń nà tó ń súnkì kì í pẹ́ ya: ọjọ́ 10 sí 20 ni irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń lò.

Ti "sickling" yìí wá ńkọ́? Metabisulphite ni wọ́n ń kán sí ẹ̀jẹ̀ lórí gíláàsì láti gba ọ́síjìn rẹ̀, kí wọ́n lè wò ó bóyá yóò di dòjé. Bí oògùn náà kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n pò lọ́jọ́ náà, AS lè jókòó síbẹ̀ kó má hàn. Bó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, S nìkan ló ń wá. AC yóò kọjá láìṣẹ̀, C, hẹmoglóbìn mìíràn tó yí padà, sì wà láàárín àwa Yorùbá. AS tìrẹ pẹ̀lú AC lè bí SC, tí òun náà jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, ìdá kan nínú mẹ́rin, oyún kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣẹ́ gègé tirẹ̀.

Electrophoresis ni kó lọ ṣe. Wọ́n á fọ awọ sẹ́ẹ̀lì kí hẹmoglóbìn lè jáde, wọ́n á kán an sórí ìwé cellulose acetate, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i. Glutamic acid ló ń fa A lọ síhà pósítíìfù, ó sì ń lọ jìnnà jù. S tó pàdánù rẹ̀ á dúró láàárín. C á kù sẹ́yìn. Kó béèrè bóyá wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kó sọ ọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọn á máa kà.

Àdùkẹ́, èmi tí mo ń ka A àti S fún àwọn ẹlòmíràn, n kò yẹ tèmi àti ti bàbá rẹ wò títí oyún rẹ fi pé oṣù márùn-ún. Ojú ló ń tì mí láti bi í, kó má baà rò pé mo ń wá ọ̀nà láti kọ̀ ọ́. A bí ọ ní AS, mo sọ pé a ti bọ́. Lẹ́yìn náà la bí àbúrò rẹ. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀rù yẹn ló mú ọ dákẹ́, mo mọ̀ ọ́n.

N kò ní kí o fi í sílẹ̀. Ilé àyẹ̀wò méjì ni mo ní kí ẹ lọ, kí ìwọ náà tún tìrẹ ṣe, kí ẹ mú ìwé wá kí a tó mú ọjọ́. Màá pè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Jọ̀wọ́, gbé e.

Ìyá rẹ.