Ta ni wọ́n ń ṣe ìpàdé akọ́lé fún?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé tí wọ́n ní àwa akọ́lé yóò ti fojú rinjú pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ńtì, irin àti páànù. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Victoria Island ni. Owó ìwọlé rẹ̀ ju ohun tí bíríkìlà ń gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan lọ. Akọ́lé wo ló fẹ́ wọ ibẹ̀? Èmi sanwó, mo wọlé, àwọn oníkóòtù ni mo bá.

Títí oòrùn fi kan àtàrí, ọ̀gá kan ń kí ọ̀gá kejì, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo bi ọmọkùnrin tí iléeṣẹ́ irin kan rán wá pé kí ló dé tí irin tí wọ́n kọ 12 mm sí kì í pé 12 tí a bá wọ̀n ọ́n. Kàlẹ́ńdà ló nà sí mi. Kàlẹ́ńdà! Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin kò yọjú.

Àwọn aláṣẹ ní tiwọn, "Ẹ má lo ayédèrú" ni orin wọn. Ṣé àwa là ń ṣe irin ni? Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdára ọjà, ti là á sílẹ̀ pé rírẹ́ ògiri ni sìmẹ́ńtì tí nọ́ńbà agbára ara àpò rẹ̀ jẹ́ 32.5 wà fún, pé 42.5, tó lágbára jù ú lọ, ni ká fi da òpó àti dẹ́kìn, ká fi mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ tó ń po kọnkéré ní Ìkòròdú bóyá ẹnì kan ti ka nọ́ńbà ara àpò fún wọn rí. Ilé Ìkòyí tó wó ní 2021 pa èèyàn tó lé ní 40. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n dìde. Irin tín-ín-rín ṣì kún ọjà.

Ẹ gbé ìpàdé yìí wá sí Orílé, níbi tí a ti ń ra ọjà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí a kì í lọ sáìtì. Kí iléeṣẹ́ rán ẹni tó mọ iṣẹ́ wá, kì í ṣe atajà. Kí ó kó irin tirẹ̀ dání, ká wọ̀n ọ́n níṣojú gbogbo ayé. Kí wọ́n po kọnkéré síbẹ̀, kí àwọn ọmọṣẹ́ rí bí omi àpọ̀jù ṣe ń bà á jẹ́. Yorùbá ni kí wọ́n sọ, kí wọ́n wá ògbufọ̀ Ègùn àti Haúsá sí i, torí àwọn ọmọ yẹn ló pọ̀ nídìí iṣẹ́. Kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan yóò gbé sílẹ̀.

Kí SON náà máa wọ ọjà déédéé. Ní ti owó ìwọlé, kí àwọn iléeṣẹ́ san án: àwa là ń ra ọjà wọn.

Èmi ni,
Bíríkìlà kan, Agége, Èkó.