Afurasí tó ní ọ́tíísìmù àti ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè

Sí Olóòtú,

Bí ìròyìn bá jáde pé Amẹ́ríkà ń béèrè ọmọ wa kan nítorí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ìlọrin níbí kò ju "kí wọ́n gbé e lọ" lọ. N kò gbèjà olè o. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tó ń tún fóònù ṣe ní Tankẹ, ní ọ́tíísìmù (autism), ipò ọpọlọ àbímọ́ni tó ń mú kí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ ṣòro fún un. Kì í wojú ẹni (àwọn àgbà àdúgbò tilẹ̀ ń yìn ín, wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni), bí ariwo bá sì pọ̀, yóò ki ìka bọ etí, ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni yóò fi dáhùn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn agbófinró kan bi í bóyá ó jí fóònù tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Àfìgbà tí oníbàárà tó ni fóònù mú rìsíìtì dé kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iwájú adájọ́ Amẹ́ríkà ló ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Gary McKinnon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní irú ọ́tíísìmù kan, pé ó yọ́ wọ kọ̀ǹpútà 97 ti àwọn ológun Amẹ́ríkà àti ti NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfúrufú níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Theresa May, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, kọ̀ láti fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ bó bá débẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ gíga London kọ̀ láti fa Lauri Love náà kalẹ̀, ẹni tí òun náà ní irú ọ́tíísìmù kan, tí Amẹ́ríkà sì fẹ̀sùn yíyọ́ wọ kọ̀ǹpútà kàn; wọ́n ní ilé ló ti yẹ kó jẹ́jọ́.

Ní tiwa, Òfin ọdún 1966 lórí fífa afurasí lé ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ (Extradition Act) ni à ń lò. Ẹ̀ka kẹta rẹ̀ dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lépa nítorí ìṣèlú, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìlera ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ a ti fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo akanda ẹ̀dá láti Oṣù Kìíní ọdún 2019.

Mo bẹ àwọn sẹ́nétọ̀ Kwara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n gbé àtúnṣe Òfin ọdún 1966 náà wá, kí dókítà tó mọ̀ nípa ọ́tíísìmù yẹ afurasí wò kí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tó pàṣẹ, kí wọ́n sì gba ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyè láti jókòó tì í, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè.

Òǹkàwé yín,
Tankẹ, Ìlọrin.