Ẹ wá wo sókàwéè wa nígbà òjò

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síbi tójú ìjọba Èkó á ti tó o, torí ọ̀rọ̀ sókàwéè yìí ti sú mi pátápátá. Àdúgbò wa n'Ìkòròdú, tójò bá ti fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ léraléra, tọ́ílẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbu-gbu-gbu, tẹ́ ẹ bá da omi sí i kò ní lọ, ṣe lá máa gòkè bọ̀. Lọ́dún tó kọjá a pe ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí, wọ́n fà á gbẹ lọ́jọ́ Fúráìdé, owó skúùlù fíìsì ọmọ mi ni mo fi dá tèmi síbẹ̀, kó tó di Mọ́ńdè ó ti kún padà. Ṣé àwa la wá fi ìgbẹ́ kún un láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni? Omi ilẹ̀ ló ya wọ̀ ọ́. Ibi tómi ilẹ̀ sì ti ń ráyè wọlé, ibẹ̀ náà ni tinú ẹ̀ ń gbà jáde, tó ń lọ bá kànga wa. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fura, ó bu omi kànga sínú abọ́ funfun, ó ní kí n gbóòórùn ẹ̀ wò. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà.

Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ní kí kànga fi mítà 30 jìnnà sí sókàwéè. Áà! Àbọ̀ pulọ́ọ̀tì tọ́pọ̀ wa kọ́lé sí, ẹsẹ̀ bàtà 60 lóròó, 60 níbùú, tẹ́ ẹ bá na okùn láti kọ̀rọ̀ kan dé kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí i jù, kò lè ju mítà 26 lọ. Ẹni tó bá sì ra odidi pulọ́ọ̀tì, ti aládùúgbò ẹ̀ wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Àwọn kan ní biodigester, ìyẹn táǹkì tí kòkòrò tíntìntín ti ń jẹ ìgbẹ́, ló kàn báyìí. Mo ti rí i nílé ọ̀rẹ́ mi, kì í rùn, kì í gba àyè, mi ò bá a jà rárá, àmọ́ omi tó ń tinú ẹ̀ jáde ṣì ní kòkòrò àìsàn nínú, inú ilẹ̀ kan náà ló sì ń lọ. Ọdún 2024 tí onígbáméjì jà l'Èkó ò tíì jìnnà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n yéé wò ó nílé kọ̀ọ̀kan, àdúgbò ni kí wọ́n ṣe é fún. Kí táǹkì oníkálukú máa gba èyí tó ki, kí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa kó omi ojú ẹ̀ láti ilé dé ilé lọ síbi tí wọ́n á ti fọ̀ ọ́ mọ́, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ò ní kí wọ́n ya títì wa tán. Àbújá ń kó tiẹ̀ lọ sí Wupa, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́. FESTAC náà ní páìpù tiẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, àìtọ́jú ló bà á jẹ́, torí náà kí owó àtúnṣe ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ rárá.

Tí wọ́n bá sì ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n wá lóṣù kẹfà tàbí ìkeje, kí wọ́n wọ bàtà òjò wá. Kí wọ́n má wá lẹ́ẹ̀rùn, gbogbo sókàwéè ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀rùn.

Èmi ni tiyín,
Ayálégbé kan, Ìkòròdú