Ẹ má pa ayẹ̀wò sípẹ́lì, ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé Yorùbá lẹ ń kọ

Sí Olóòtú,

Ìmọ̀ràn kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá: bí ìlà pupa kọ́rọkọ̀rọ bá ti bo gbogbo ìwé, kí wọ́n kàn pa ayẹ̀wò sípẹ́lì, ọ̀ràn bùṣe. A ò fara mọ́ ọn. Ìdí tí ìlà náà fi ń yọ ni pé Word, ètò ìkọ̀wé Microsoft, gbà pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kọ, ó sì ń fi àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá wò. Ẹni tó bá pa á ti mú ìlà kúrò lójú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni Word ṣì ka ìwé náà sí, yóò sì máa fi òfin Gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe lábẹ́lẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra: èdè tí mẹ́nù àti bọ́tìnnì ètò náà fi ń bá wa sọ̀rọ̀, èdè tí ọ̀rọ̀ inú ìwé wà, àti kíbọọ̀dù tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń yí wọn. Ẹni tó bá lọ sí “File”, “Options”, “Language”, tó yí èdè mẹ́nù padà, tó pa Word tó tún un ṣí, yóò rí i pé ìlà pupa ò kúrò níbi tó wà. Mẹ́nù ló yí, kò fọwọ́ kan ìwé rárá.

Ibi tí ìwé ti ń gba èdè tirẹ̀ nínú Word nìyí. Ẹ tẹ Ctrl àti A pọ̀ láti yan gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí “Review”, ẹ tẹ “Language”, kí ẹ wá tẹ “Set Proofing Language”. Lórí Mac, ẹ lè gba “Tools” lọ sí “Language”. Orúkọ èdè yóò tò sílẹ̀ nínú àpótí kan; apá ìsàlẹ̀ ni Yoruba wà, ẹ yàn án. Ẹ má tíì tẹ OK. Àyè méjì tí wọ́n ń fi àmì sí wà lábẹ́ orúkọ àwọn èdè náà. Ẹ yọ àmì kúrò nínú “Do not check spelling or grammar”, torí bó bá wà níbẹ̀, kò sí ohun tí Word yóò yẹ̀ wò mọ́, èdè yòówù kí ẹ yàn. Ẹ yọ ti “Detect language automatically” náà. Èyí ni Word fi ń méfò èdè fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀wé lọ, pàápàá nínú gbólóhùn kúkúrú ni ó ti máa ń ṣì í mú, tí yóò wá da iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe rú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró síbẹ̀, kí wọ́n tó wá ṣàkíyèsí pé ìlà pupa ṣì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ orí ojú ewé, àlàyé ìsàlẹ̀ ewé àti ọ̀rọ̀ inú àpótí. Ctrl àti A kì í dé àwọn ibi wọ̀nyẹn bí kọ́sọ̀, ìyẹn ìlà kékeré tó ń fi ibi tí ẹ ti ń tẹ̀wé hàn, bá wà nínú ọ̀rọ̀ gangan. Ohun tó ń wo àìsàn yìí láti gbòǹgbò ni sítáì, ìyẹn àkójọ ètò tí Word fi ń pinnu ìrísí àti èdè ọ̀rọ̀. Lórí “Home”, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ sítáì tó ń jẹ́ “Normal”, ẹ yan “Modify”, ẹ tẹ “Format” ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, kí ẹ sì yan “Language”. Yoruba tí ẹ bá yàn níbẹ̀ yóò ran gbogbo sítáì tó gbára lé “Normal”: àkọlé, àlàyé ìsàlẹ̀ ewé, gbogbo rẹ̀. Ibi tí kò ní ràn ni ọ̀rọ̀ tó ti gbé àmì èdè tirẹ̀ wá láti ìta, irú èyí tí ẹ dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ lẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwé, “Keep Text Only” ni kí ẹ yàn.

Bọ́tìnnì “Set As Default” náà wà nínú àpótí èdè. Ẹ rọra pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ìwé tuntun tí ẹ bá ṣí lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fẹ́ kọ lọ́la náà pẹ̀lú. Ẹni tó ń kọ èdè méjèèjì, ó sàn kó ṣètò ìwé òfìfo kan tó ti ní Yorùbá nínú “Normal”, kó fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi “Word Template”, kó sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Yorùbá láti inú rẹ̀.

Ti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá bọ́ sáàárín Yorùbá ńkọ́? Ẹ yan gbólóhùn náà nìkan, kí ẹ fún un ní English. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ nínú ìwé, ẹ dá sítáì tuntun sílẹ̀ tó jẹ́ ti lẹ́tà, tí kì í ṣe ti ìpínrọ̀, ẹ pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ gbé English sí ìdí rẹ̀; ìtẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa gbà láti ìgbà náà lọ.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan Word jù ni pé àwọn yan Yorùbá, ó tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kíbọọ̀dù ló sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá yí kíbọọ̀dù Windows láti èdè kan sí òmíràn, yálà pẹ̀lú bọ́tìnnì Windows àti Space tàbí Alt àti Shift tí ọwọ́ ṣèèṣì kàn, Word yóò fi orúkọ èdè kíbọọ̀dù náà sí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Ẹ fi kíbọọ̀dù Yorùbá kún kọ̀ǹpútà yín níbi “Time & language” nínú “Settings”, kí ẹ sì máa wo ìsàlẹ̀ Word lọ́wọ́ òsì, níbi tí orúkọ èdè máa ń hàn. Bí kò bá hàn, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ ìlà ìsàlẹ̀ náà, kí ẹ yan “Language”.

Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín kò ní ohun èlò tí Word fi ń yẹ Yorùbá wò. Microsoft ń pèsè rẹ̀. “File”, “Options”, “Language” lẹ ti máa rí i bóyá ó ti wà tàbí kò tíì sí. Kódà láìsí i, ẹ ṣì fi àmì èdè sí ìwé. Àmì kékeré yo-NG (Yorùbá ti Nàìjíríà) tí Word ń kọ sínú fáìlì yóò bá ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un kà, ètò tó ń ka ìwé sókè fún àwọn tí kò ríran sì máa ń wò ó láti mọ ohùn tí yóò lò. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbójú lé ayẹ̀wò jù. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni gbogbo wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dá ṣáṣá. Ẹni tó bá wọ ọkọ́ lọ sí ìrìn àjò kò ní rí ìlà pupa kankan.

Àtúnṣe àìròtẹ́lẹ̀ tí Word máa ń ṣe fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wà nínú “File”, “Options”, “Proofing”, “AutoCorrect Options”. Níbẹ̀ ni Word ti ń sọ c tó wà láàárín àkámọ́ di ©. Níbẹ̀ náà ló ti ń gbà pé gbólóhùn parí níbikíbi tó bá rí àmì ìdánudúró: ẹ kọ abbl. sáàárín gbólóhùn, lẹ́tà ńlá ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ “Exceptions”, kí ẹ kọ abbl. sínú “First Letter”, yóò fi í sílẹ̀. Ẹ yọ àmì “Automatically use suggestions from the spelling checker” pẹ̀lú, bó bá wà níbẹ̀.

LibreOffice, ètò ìkọ̀wé mìíràn, rọrùn ju báyìí lọ. Ẹ lọ sí “Tools”, “Options”, kí ẹ wá ibi tí èdè wà. Abẹ́ “Western” ni Yorùbá wà. Àwọn kan máa ń wá a lọ sábẹ́ “Complex text layout” nítorí àmì orí àti ìsàlẹ̀ wa. Irú Lárúbáwá àti Hébérù ló wà fún. Bí ẹ bá fi àmì sí “For the current document only”, ìwé tó wà níwájú yín nìkan ni yóò kàn. Ní ti Google Docs, “File” àti “Language” ló wà fún gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Àtúnṣe àìròtẹ́lẹ̀ tirẹ̀, “Tools” àti “Preferences” lẹ ti máa pa á.

Gbogbo èyí kò ní wúlò bí lẹ́tà fúnra rẹ̀ kò bá péye. A ṣì ń rí ìwé tí wọ́n fi Ctrl àti U fa ìlà sábẹ́ e àti o kí wọ́n lè jọ ẹ àti ọ. Lójú kọ̀ǹpútà, e àti o lásán ni wọ́n, ìlà náà yóò sì pòórá bí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú Word. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀: ti ẹ ni 1EB9, ti ọ ni 1ECD, ti ṣ ni 1E63. Bí ẹ kò bá ní kíbọọ̀dù Yorùbá, ẹ tẹ 1EB9 kí ẹ tẹ Alt àti X, yóò di ẹ. Ẹ tẹ 0301 tẹ̀ lé e pẹ̀lú Alt àti X, àmì ohùn òkè yóò gorí rẹ̀. 0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: a, b, d, e àti f wà lára lẹ́tà tí irú nọ́ńbà yìí ń lò. Ẹni tó fẹ́ kọ abẹ́, tó tẹ ab kó tó tẹ 1EB9, Word yóò ka ab náà mọ́ nọ́ńbà. Ẹ yan 1EB9 nìkan kí ẹ tó tẹ Alt àti X.

Ọ̀nà yìí kan náà lẹ fi lè dán lẹ́tà wò. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn ẹ tí kò ní àmì ohùn, kí ẹ tẹ Alt àti X. Bó bá di 1EB9, ó dáa. Bó bá jẹ́ e tí 0323 tẹ̀ lé, ẹni tó kọ ọ́ lẹ e mọ́ àmì ìsàlẹ̀ ni. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ ètò tó ń wá ọ̀rọ̀ lè fo ọ̀kan kó mú èkejì. Ẹ yan nọ́ńbà náà nìkan, kí ẹ tún tẹ Alt àti X kí ó padà sí bó ṣe wà.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín, Olóòtú: níbi tí ẹ ti ń kọ ìlànà fún àwọn tó ń fi àròkọ ránṣẹ́, ẹ fi ìlà méjì kún un, pé kí fáìlì jẹ́ ti Word tí a ti fi Yorùbá sí ìdí “Normal” rẹ̀ tàbí ti LibreOffice tí a ti fún ní èdè Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má sì fi Ctrl àti U ṣe àmì ìsàlẹ̀. Yóò dín iṣẹ́ àwọn tó ń tún ìwé kà lọ́dọ̀ yín kù.

Àwa olùkàwé yín tó ń ṣe iṣẹ́ àtúnkà ìwé Yorùbá