Ẹ Bá Wa Wo Àwọ̀ Tí Kámẹ́rà Fóònù Tuntun Ń Gbé Jáde

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mi ò kì í fo ojú ewé tí ẹ ti ń yẹ fóònù tuntun wò, torí fóònù ni mo fi ń jẹun. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń mú aṣọ, àwòrán ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó fowó ránṣẹ́. Ẹ máa ń sọ iye megapixel tí kámẹ́rà ní, ẹ máa ń sọ bí fóònù ṣe fẹ́lẹ́ tó àti bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń dán. Mi ò tíì rí ibi tí ẹ ti sọ bóyá àwọ̀ tó ń gbé jáde ni àwọ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti ra tèmi. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ya òdòdó kan níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ní, “Màmá, ẹ wo bó ṣe mọ́ kedere, megapixel 50 ni.” Ó wù mí lóòótọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí oníbàárà kan láti Abẹ́òkúta fi ní kí n fi ẹtù hàn òun. Ìsìnkú bàbá wọn ni, ènìyàn 24 ló sì fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ẹtù: aró tó jinlẹ̀ títí ó fi fẹ́ẹ̀ dúdú, tí funfun tín-ín-rín wà lára rẹ̀ bíi ti ẹyẹ tó fún un lórúkọ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ gílóòbù, mo yà á. Ojú mi ló ṣe é. Bí àwòrán ṣe kọ́kọ́ yọ, ó jọ aṣọ náà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, fóònù tún un ṣe fúnra rẹ̀. Gbogbo ibi tó ṣókùnkùn ló mú mọ́lẹ̀, aró wá di búlúù bíi yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé. Àwọn ìlà funfun yẹn di ìgbì-ìgbì bí omi ọ̀sà, ohun tí kò sí lára aṣọ rárá. Ọwọ́ mi dí, mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ padà ni pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹtù la ní ká rí. Aṣọ ìgbéyàwó lèyí.” Kò dá mi lóhùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ti àlàárì ló tún dùn mí jù, torí ìyẹn ti dé ọwọ́ ẹni tó rà á kó tó dá a padà. Ó ní èyí tí òun rí nínú fóònù pupa ju èyí lọ. Òótọ́ ló sọ. Mo san owó ọkọ̀ àlọ, mo san ti àbọ̀.

Ọmọ àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tìgbà ló là mí lóye. Ó ní kámẹ́rà onímegapixel 50 yẹn, àwòrán megapixel 12.5 ló sábà máa ń gbé jáde, torí ńṣe ló ń da píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan kó lè rí ìmọ́lẹ̀ tó. Èyí tí wọ́n bá pè ní 108, mẹ́sàn-án ló máa ń dà pọ̀, yóò di 12. Nọ́ńbà náà kò kan àwọ̀. Àwọ̀ wà lọ́wọ́ bí fóònù bá ṣe méfò irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè wà ní nǹkan bíi Kelvin 3000, oòrùn ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5500. Bí aṣọ aláwọ̀ kan bá gba gbogbo ojú kámẹ́rà, kò rí funfun kankan tí yóò fi wọn ìyókù, àsìméfò sì dé nìyẹn. Ó pa ohun tí wọ́n ń pè ní AI nínú kámẹ́rà náà, èyí tó ń tún àwòrán ṣe fúnra rẹ̀, ó ṣí ibi tí wọ́n kọ Pro sí, ó ní kí n fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kí n yí nọ́ńbà Kelvin tó wà níbẹ̀ títí bébà yóò fi funfun. Ó ní bí ìgbì bá tún yọ lára ìlà, kí n sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo gbé ẹtù kan náà sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mo yà á, mo sì gbé fóònù sórí aṣọ náà. Ẹtù ni!

Oṣù méjì ni mo ti fi ń lò ó kí n tó mọ èyí. Ta ni ì bá sọ fún mi, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí ju ti owó lọ. Bí oníbàárà bá wé gèlè tán tí mo fẹ́ yà á, fóònù yìí a máa bó ojú rẹ̀ funfun. Obìnrin dúdú tó ń dán, tó jókòó síwájú mi, a di ẹni pupa nínú àwòrán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Kí ni dúdú ṣe tó fi yẹ kí wọ́n tún un ṣe?

Mi ò sọ pé fóònù náà kò dáa. Bátìrì rẹ̀ ń gbé mi di alẹ́ bí kò tilẹ̀ sí iná, ó gba síìmù méjì, ojú rẹ̀ sì ń hàn nínú oòrùn. Ẹ̀yìn tó ń dán yẹn, inú àpò rọ́bà ló wà látọjọ́ tí mo ti rà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yẹ fóònù wò, ẹ gbé ẹtù, àlàárì àti sányán síwájú rẹ̀. Ẹ yà wọ́n lábẹ́ gílóòbù, ẹ yà wọ́n níta, kí ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú kámẹ́rà náà, torí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lò ó nìyẹn. Ẹ ya ènìyàn dúdú kan pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé yíǹkì ìwé ìròyìn ní wàhálà tirẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Aṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, n ó yá yín láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ṣáà wá láàárọ̀, kí èrò tó kún ojú ọ̀nà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláṣọ òkè,
Ìdúmọ̀tà, Èkó.