A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wa ṣe fídáù Bàbá

Alhamdulillah. Èmi àkọ́bí Bàbá lóbìnrin ni mò ń kọ èyí lórúkọ gbogbo ẹbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ ní Èbúté-Mẹ́ta lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì, ẹ kú ìrìn. Bí a ṣe fi ọwọ́ ọmọ sin Bàbá tiwa, ọwọ́ ọmọ náà ni wọn yóò fi sin ẹ̀yin àti tiyín, lọ́jọ́ alẹ́.

Ẹni ọdún 91 ni Bàbá. Èèyàn lè ní ó tó ọjọ́ orí tó ń lọ, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún wa dáadáa, ṣùgbọ́n ilé ṣófo.

Iṣẹ́ pákó ni Bàbá ṣe láyé, kò ṣe òmíràn. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, nígbà tí Ẹ̀pẹ́ ṣì jẹ́ ìlú kékeré létí ọ̀sà tí tọmọdé tàgbà mọ ara wọn. Ayùn ọlọ́wọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ̀rọ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé gẹdú dábùú lé e lórí, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wọ inú kòtò, wọ́n á wá máa fa ayùn gbọọrọ láàárín ara wọn títí pákó á fi là. Bàbá ló kéré jù, òun ni wọ́n ń fi sínú kòtò. Látàárọ̀ dalẹ́ ni lẹ́búlẹ́bú igi ń dà sí i lójú. Ó máa ń sọ fún wa pé òun kàn ń di ojú ni, etí lòun fi ń mọ̀ bóyá ayùn ń lọ tààrà. Mo gbà pé inú kòtò yẹn ló ti ní etí tó fi jẹun títí tó fi dàgbà.

Nígbà tó wọ sọ́míìlì ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ́ iṣẹ́ sọ́-dókítà, ìyẹn àwọn tó ń pọ́n ayùn ẹ̀rọ, tó ń to eyín rẹ̀, tó ń jó o pọ̀ bó bá já. Kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ní 1960 ló ti dé Oko Bàbá, àdúgbò àwọn sọ́míìlì létí ọ̀sà ní Èbúté-Mẹ́ta. Pọ́ùn àti ṣílè ni wọ́n fi ń san owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn, ìdí ayùn kan náà ló sì wà nígbà tí owó di náírà ní 1973. Láti Ìjẹ̀bú Wọ́tásáìdì àti ilẹ̀ Ìlàjẹ ni gẹdú ti ń bá omi wá, wọ́n á dì í mọ́ra pẹrẹsẹ, ọkọ̀ á fà á gba orí ọ̀sà títí dé ẹsẹ̀ sọ́míìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gba afárá Third Mainland láti 1990 tí wọ́n ti ṣí i, èéfín tẹ́ ẹ máa ń rí létí omi yẹn, lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n ń sun. Abẹ́ èéfín yẹn ni Bàbá ti tọ́ wa, tó ti rán wa níléèwé.

Bí wọ́n bá gbé ayùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lé ẹ̀rọ, Bàbá kì í wò ó. Yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò tẹ́tí. Bí ìró rẹ̀ bá yí padà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sókè, wọ́n á pa ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ ìṣó, ó lè jẹ́ ọta ìbọn ọdẹ ló wà nínú igi náà, tí igi ti dàgbà bò ó mọ́nú. Ayùn tó bá kan irú rẹ̀ lórí eré lè já, kó sì fò lu ẹni tó dúró tì í. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá, tí òun náà ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, dìde níbi fídáù, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní, “Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rèé. Bàbá yín ló jẹ́ kó pé.” Alfa tó ń ṣe wáásí dákẹ́ fún un.

Ẹ̀rọ yẹn kan náà ló gba etí lọ́wọ́ Bàbá nígbẹ̀yìn. Láyé ìgbà tiwọn, kò sẹ́ni tó ń fún òṣìṣẹ́ ní nǹkan tó máa fi dí etí. Nínú ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀ á lọ síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu onítọ̀hún. Àwọn ọmọ-ọmọ á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án léjìká. Bàbá ò ráhùn sí i rí. Èmi ni inú ń bí, inú ṣì ń bí mi di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí báyìí, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa dí etí yín.

Àwọn ará sọ́míìlì, báwo ni mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín? Àwa Mùsùlùmí kì í fi pósí sin òkú. Pákó tí wọ́n ń tò sórí ẹni nínú sàárè, òun nìkan ló ń dá erùpẹ̀ dúró. Kí àwa ọmọ tó ronú kan pákó lọ́jọ́ náà, ẹ ti là á, ẹ ti fá a, ẹ ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Igi àfàrà tó gbẹ dáadáa ni. Mo fọwọ́ pa á kí wọ́n tó gbé e lọ, kò sí ẹ̀gún kan lára rẹ̀. Ẹ ò gba kọ́bọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí Agbówà náà pa ọjà wọn tì, wọ́n wá.

Lémọ́mù wa àti gbogbo alfa ràtíbì, Ọlọ́run á gba àdúà yín. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù tẹ́ ẹ fi òru dín mọ́sà àti àkàrà sàárà, ẹ ṣeun. Àwọn ẹbí láti Ẹ̀pẹ́ ra ẹja ní ọjà Olúwo wá, ó tó, ó ṣẹ́kù. Màmá tó wà ní ilé kejì, ọmọ ìjọ ni wọ́n, síbẹ̀ àgbàlá wọn la ti dáná, wọn ò sì jẹ́ ká gbálẹ̀ rẹ̀ fúnra wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò tẹ́ ẹ to àga tẹ́ ẹ sì dúró ti kánópì nígbà tí òjò dé, a rí yín. Ẹni tí oúnjẹ ò kàn, kó má bínú, èrò ju bí a ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Káfíńtà kan wá bá wa láti Mushin lẹ́yìn àdúà, ó ní nígbà tí òun gba fúrídọ́ọ̀mù, Bàbá ló dúró fún òun lọ́dọ̀ àwọn onípákó tí wọ́n fi ta àwìn fún òun, òun ò sì tíì san èyí tó kù. A ò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Ó lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ Bàbá lówó, a ti yọ̀ǹda rẹ̀, kó máa fi ṣe àdúà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí Bàbá bá jẹ, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ iṣẹ́ tó gbà tí kò tíì ṣe parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sílé kí àdúà ọjọ́ ogójì tó pé. Ẹ mú ẹlẹ́rìí wá bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ ṣáà wá bẹ́ẹ̀.